Bí Ilẹ̀kùn Kọ́bọ́ọ̀dù Ṣe Wọ́ Mọ́ Bàbá Yín Lọ́wọ́

Ẹ bi mí lánàá, nígbà tí a ń jẹun, pé kí ló dé tí àwọn olómi inú ọ̀rá fi ń kó ẹrù wọn sínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa, níbi tí bàbá yín ti máa ń kan àga àti kọ́bọ́ọ̀dù. N kò dáhùn lánàá, nítorí òun fúnra rẹ̀ jókòó tì wá, ẹ sì rí i bó ṣe dorí kọ àwo oúnjẹ rẹ̀. Lónìí ó ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ wá jókòó. Ẹ gbé ẹ̀wà yẹn wá kí a máa ṣà á lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ní kí ọwọ́ dúró.

Nígbà tí wọ́n mú mi wọ ilé yìí ní ìyàwó bàbá yín àgbà, ìró ayùn ló máa ń jí mi. Kì í ṣe ayùn oníná tí ẹ mọ̀, èyí tó máa ń ké bí ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Ayùn ọlọ́wọ́ méjì ni. Wọ́n á gbé ìtì igi lé orí kòtò, ọkùnrin kan á dúró lókè, òmíràn á wà nínú kòtò nísàlẹ̀, wọ́n á máa fà á láàárín ara wọn: fàà, fàà, fàà. Ẹni ìsàlẹ̀ ni eruku pákó ń dà lé lórí. Bó bá jáde síta lọ́sàn-án, ojú rẹ̀ á dà bíi ti ẹni tó yí nínú gàrí, àwa obìnrin á sì máa bi í pé, ṣé kí a bu omi tútù sí i kí a jẹ ẹ́. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn. Ìgbà yẹn, ilé yìí kì í dákẹ́ àfi bí wọ́n bá ń kírun. Ẹ fetí sílẹ̀ báyìí. Kí lẹ gbọ́? Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni.

Ilé yìí ni mo ti mọ̀ pé pákó tútù àti pákó gbígbẹ kì í ṣe ohun kan náà. Pákó tí àwọn agbégilódò bá já sílẹ̀ ní ọjà Láfẹ́nwá, tí wọ́n rù wá bá wa, tútù ni. Bí ènìyàn bá kan ìṣó mọ́ ọn, omi á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìfági kàn án. Abẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé ni a ó kọ́kọ́ tò ó sí, a ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí òjò bá dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ dé, a ó gbé e gòkè sórí àjà yàrá ìdáná, níbi tí èéfín á ti máa kàn án. Ibẹ̀ ni yóò wà títí òjò ọdún mìíràn á fi rọ̀ kọjá. Iṣẹ́ àwa ìyàwó ilé ni yíyí rẹ̀. Lọ́jọọjọ́ ọjà, kí a tó gbé igbá jáde, a ní láti gun orí àjà, kí a yí pákó kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó dojú kọ iná lè kẹ̀yìn sí i. Bí a kò bá yí i, ẹ̀gbẹ́ kan á gbẹ, ẹ̀gbẹ́ kejì á tutù, pákó á sì wọ́. Aláboyún nìkan ni wọ́n ń yọ̀ǹda. Àwọn kan nínú wa tètè máa ń lóyún nítorí ẹ̀, tàbí kí wọ́n sọ pé àwọn lóyún.

Mo rántí ọjọ́ kan, n kò tíì pẹ́ nílé ọkọ. Mo gun orí àjà, mo tẹ etí pákó kan tí n kò mọ̀ pé kò fara ti nǹkan kan. Ó gbé ẹ̀yìn sókè, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì já wọ inú yàrá ìdáná, mo fi apá há sókè. Ìyá ọkọ mi ló ń se ọbẹ̀ nísàlẹ̀. Wọn kò pariwo. Wọ́n gbójú sókè wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní, "Ìyàwó, mo ti ní ẹran nínú ọbẹ̀. Ṣé kí n fi tìẹ náà kún un ni?" Ó pẹ́ tí wọ́n fi ń pè mí ní Ẹlẹ́ran-àjà nínú ilé yìí. Àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ti lọ tán. Èmi nìkan ló kù tó mọ orúkọ náà.

Àwọn tó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù ń fi sùúrù ṣe nǹkan nígbà náà nítorí pé ojú máa ń tì wọ́n. Bí wọ́n bá gbé kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó tuntun dé ilé ọkọ, àwọn obìnrin ilé náà á pé jọ lé e lórí. Ìyálé ilé á fi ìka kan ṣoṣo ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ pa dé, kí ó ṣe pó, bí ẹni pa ètè dé. Bó bá dúró sílẹ̀ láìpadé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyàwó pé, ṣé ebi ń pa kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ni tó fi ń yanu, àbí bí gbogbo ará ilé wọn ṣe ń yanu nìyẹn. Kí ó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ náà á ti dé etí ẹni tó kàn án. Ọkọ mi, bàbá yín àgbà, á gbé ìfági sábẹ́ agbádá, á máa gba kọ̀rọ̀ lọ síbẹ̀ kí wọ́n má baà rí i lọ́nà. Oníbàárà mìíràn kò ní dúró dè é. Á tú ilẹ̀kùn náà, á rù ú lórí gba àárín ọjà kọjá, á gbé e wá bá wa níbí, á sì bú wa tọmọtọmọ. A ó gbé àga fún un, a ó fún un lómi. Bó bá bú wa tán, á jẹun. Ẹni tó bú wa lọ́dún yìí náà ni yóò mú àbúrò rẹ̀ wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí Iléyá bá wá ń bọ̀, kò sí ẹni tó ń sinmi. Gbogbo àwọn oníṣòwò Ìtòkú ló fẹ́ kí àlejò bá nǹkan tuntun nínú pálọ̀ wọn. Òòlù á máa dún láti ìdájí, òórùn fánísì á dàpọ̀ mọ́ òórùn àgbò. Ọdún kan, àgbò ẹnìkan já okùn, ó lọ fara nu kọ́bọ́ọ̀dù tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Irun lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, fánísì lẹ̀ mọ́ àgbò. Ẹni tó ni kọ́bọ́ọ̀dù wò ó títí, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ fá a, pé aṣọ ọdún kọ́bọ́ọ̀dù òun nìyẹn. Àgbò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dán bí apá àga ni wọ́n pa lọ́jọ́ ọdún. Ní Iléyá tó kọjá, mo jókòó níwájú ilé láti àárọ̀. Ohun tí mo rí kò ju ọkọ̀ kan tó ń kó àga láti Èkó kọjá lọ, gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá. Kò sí òórùn kankan lára wọn.

N kò mọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àwọn igi ńlá ń tán díẹ̀díẹ̀. Ìrókò di ohun tí a kàn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn agbégilódò tó ń wá, igi kéékèèké tí kò tíì gbó ni wọ́n ń kó. Àwọn ọkùnrin tó ń fa ayùn darúgbó, àwọn ọmọ wọn lọ ń gun ọ̀kadà. A dí kòtò náà pa. Orí rẹ̀ ni balùwẹ̀ tí ẹ ń lò wà báyìí. Lẹ́yìn náà ni púláìwúùdù kún ìgboro, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ra wọn. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tó kọjú sí ògiri, ni ọkọ mi ń lò ó sí. Kò fi ṣe ilẹ̀kùn rí títí ó fi kú.

Bàbá yín ló gba ṣọ́ọ̀bù. Ráṣídì ọmọ mi mọ iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́lé sí Adigbe fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó gba gbogbo ara ògiri kíṣìnnì, wọ́n sì fẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ta ni yóò dúró de pákó kí ó gbẹ lórí àjà? Púláìwúùdù ni òun náà ń lò. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà yìí pàápàá dín kù, nítorí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ti ń ta èyí tí wọ́n ti ṣe parí láti òkè òkun. Oṣù mìíràn wà tí ìró kankan kì í jáde láti ṣọ́ọ̀bù. Á jókòó síbẹ̀, á máa pọ́n ẹnu ìfági tí kò rí nǹkan fá.

Ìgbà náà ni Màmá Tíṣà wá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gbé Ìbarà. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ti ra àga lọ́wọ́ bàbá yín àgbà, àga náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, kò mì. Ó ní òun fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì, òun kò sì fẹ́ èyí tí wọ́n ti ṣe parí. Èyí tí òun mọ ilé ẹni tó ṣe é ni òun fẹ́. Ó tún ní àwọn ọ̀rẹ́ òun nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ń kọ́lé, pé bí wọ́n bá rí tòun, àwọn náà á wá.

Bí obìnrin náà ti lọ, bàbá yín wọlé wá bá mi. Ó ní, "Màmá, iṣẹ́ yìí ni n ó fi mọ̀. Bó bá dára, n ó máa ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí lọ. Bí kò bá dára, n ó tì í, n ó wá nǹkan mìíràn ṣe."

Mo ní kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ó dára.

Ó fi gbogbo ọkàn ṣe é. Púláìwúùdù tó nípọn ló fi ṣe àwọn ilẹ̀kùn, ó lẹ fọ́máíkà funfun mọ́ iwájú wọn, èyí tó máa ń dán, tí omi kì í wọ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kì í wò, ó kàn fi fánísì pa á lẹ́ẹ̀kan, nítorí Màmá Tíṣà fẹ́ kí iṣẹ́ náà parí kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wálé fún Kérésì. Inú ọyẹ́ ni wọ́n gbé e lọ. Mo bá wọn lọ wò ó. Gbogbo ilẹ̀kùn ló pa dé, wọ́n tò lọ gbọọrọ bí eyín ọmọdé. Màmá Tíṣà ń ṣí èyí, ó ń ti tọ̀hún, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá yín dúró nídìí ògiri, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Bí òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, obìnrin náà pè lórí fóònù. Kò bínú. Ó ní ilẹ̀kùn òun kan ń yọjú síta. Kò pẹ́, òmíràn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà gbogbo wọn. Kíṣìnnì ni, omi ń hó níbẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀wà ń hó níbẹ̀ lọ́sàn-án, ooru wọn ń gun ara pákó. Iwájú tó ní fọ́máíkà kò mu ún. Ẹ̀yìn tó gba fánísì fẹ́ẹ́rẹ́ ń mu ún. Ẹ̀yìn ń wú, iwájú kò wú. Kí ni pákó fẹ́ ṣe ju kí ó wọ́ lọ? Igun òkè àti igun ìsàlẹ̀ jáde síta, àárín ilẹ̀kùn nìkan ló kan kọ́bọ́ọ̀dù.

Bàbá yín tú wọn, ó fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó wọn wálé. Ó gbé pákó kan tó tọ́ dáadáa lé iwájú ọ̀kan nínú wọn, ó gbé méjèèjì sókè sí ojú ọ̀run. Ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láàárín. Ó wò ó bí ẹni ń wo ojú ọgbẹ́. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn, ìmọ́lẹ̀ kan náà ló ń gba abẹ́ ìyẹn kọjá.

Ẹ mọ àpáta ẹ̀yìn ilé wa. Kò sí ohun tí a kì í sá sórí àpáta ní Abẹ́òkúta níbí: láfún, ata, àgbàdo, aṣọ, tìmùtìmù tí ọmọ tọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dàgbà. Bí nǹkan bá tutù, àpáta ló kàn. Bàbá yín náà ronú bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á dojú àwọn ilẹ̀kùn náà dé sórí àpáta, kí oòrùn kan ẹ̀yìn wọn, kí omi tí wọ́n mu lè jáde, kí wọ́n padà tọ́. Wọ́n sì ń tọ́ lóòótọ́. Nígbà tí oòrùn gòkè díẹ̀, ó pè mí wá wò wọ́n kí n tó lọ sí Láfẹ́nwá lọ ra ẹja. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n tọ́ tán. Inú rẹ̀ dùn, ó ń kọrin lábẹ́ ètè.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ó ní kí wọ́n wà níbẹ̀ díẹ̀ sí i, kí òun yára lọ kírun kí òun padà. Wọ́n wá gbé òkú wá sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí ènìyàn má tíì lọ, kí wọ́n kírun sí i lára. Kò sẹ́ni tó lè dìde nídìí ìyẹn. Àwọn obìnrin tó ń sá láfún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ sì rò pé bó ṣe fẹ́ kí àwọn ilẹ̀kùn náà wà nìyẹn.

Àpáta lọ́sàn-án, iná ni. Nígbà tí bàbá yín dé, àwọn ilẹ̀kùn ti wọ́ sí òdìkejì, wọ́n ká bí awọ ẹran tí wọ́n sá. Gọ́ọ̀mù ti yọ́ lábẹ́ fọ́máíkà, ó wú bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Etí púláìwúùdù ti là, gbogbo ìpele rẹ̀ ti yọ síta. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní, "Ráṣídì, láfún tìẹ ti gbẹ o. Ṣé ká bá ọ gún un?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ń gun òkè bọ̀ lásìkò náà, igbá ẹja wà lórí mi, mo gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìsàlẹ̀, mo rò pé nǹkan ayọ̀ ni.

Kò jẹ nínú ẹja náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó wá tọrọ, ó yẹ kí n sọ èyí fún yín. Láti ìgbà tí bàbá yín àgbà ti kú, pákó ọ̀gánwó díẹ̀ kù lórí àjà. Òun fúnra rẹ̀ ló tò ó síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n máa yí i, ṣùgbọ́n mo ń yí i lọ́jọọjọ́ ọjà, títí orúnkún mi kò fi jẹ́ kí n gun àkàbà mọ́. Ó ti gbẹ, ó ti le, bí ènìyàn bá fi ìka kàn án á dún bí agogo. Irú rẹ̀ kò sí ní Láfẹ́nwá mọ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n mú pákó Bàbá."

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ ṣe gbogbo ilẹ̀kùn náà ní tuntun, kí òun fi ọ̀gánwó ṣe egungun wọn nínú, kí òun bò wọ́n níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà mu omi ju ìkejì lọ.

Mo ní, "Gun orí àjà. Kí ni mo ń yí i sí, bí kò ṣe pé kí ẹnìkan lè lò ó?"

Ó lò ó tán. Ní gbogbo ìgbà òjò yẹn, ilé yìí tún dún. Mo máa ń jí, kí n dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí n máa gbọ́ ìfági: ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀. Òórùn ọ̀gánwó wọ inú aṣọ mi. Mo tún ń fi èérún pákó dáná bíi ti àtijọ́, èyí tó máa ń ká bí irun, tí iná máa ń tètè mú. Kò sá nǹkan kan sórí àpáta mọ́. Abẹ́ òrùlé ló tò wọ́n sí, ó gbé òkúta lé wọn, ó ń yí wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èmi ló ń bá a di apá kejì mú. Nígbà tó ṣe tán, ó gbé pákó tó tọ́ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn sókè. Ìmọ́lẹ̀ kankan kò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó so ọ̀kan mọ́ férémù nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n fi ìka kan tì í. Ó pa dé. N kò lè ṣàlàyé bí ìró náà ṣe rí létí mi. Mo kàn ní kí ó tètè máa kó wọn lọ.

Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Kì í ṣe pé Màmá Tíṣà ń yọ wá lẹ́nu. Ó máa ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń ní kí bàbá yín fara balẹ̀ ṣe é bó ṣe yẹ. Nígbà tó yá, kò pè mọ́. Bàbá yín ní ó ń gba tòun rò ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

A kó àwọn ilẹ̀kùn sínú kẹ̀kẹ́, èmi náà wọlé tì wọ́n, nítorí mo fẹ́ lọ kí obìnrin náà, mo sì fẹ́ gbọ́ bí wọ́n á ṣe máa pa dé nílé ẹni tó ni wọ́n. Nígbà tí a wọ ọgbà rẹ̀ ní Ìbarà, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni kọ́bọ́ọ̀dù wa. Wọ́n ti tú u kúrò lára ògiri, wọ́n gbé e sí ìdí ọgbà, òjò ti pa á di dúdú. Adìyẹ kan sàba nínú rẹ̀. Mo wo bàbá yín. Ó ti rí i. Ó ń já àwọn ilẹ̀kùn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn ti ògiri jẹ́jẹ́, bí ẹni pé kò rí nǹkan kan.

Màmá Tíṣà jáde wá. Ojú tì í púpọ̀. Ó dì mọ́ mi, ó mú wa wọlé, ó gbé mínírà tútù fún wa. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin ló ti Èkó dé, tó bá àwọn àwo òun níbi tí òun ti fi aṣọ bò wọ́n nítorí aláǹgbá, inú bí i. Kí òun tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti ní kí àwọn kan gbé tuntun wá. Àárọ̀ ni wọ́n dé, wọ́n parí rẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán. Ó ní òun gbé fóònù títí láti sọ fún wa, ẹnu òun kò gbé e.

"Ráṣídì ọmọ mi, má bínú. Ọmọ mi ní bí èyí bá wọ́, ká kó o dànù, ká gbé òmíràn wá."

"Ṣé ó ti wọ́ ni, Màmá?"

"Kò tíì wọ́. Bó bá wọ́ náà, kò sí ẹni tí a ó lọ bá."

Bàbá yín tọrọ àyè láti wò ó. A jọ wọ kíṣìnnì. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan, ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ̀ ba wo etí rẹ̀. Eruku pákó, èyí tí a máa ń gbá dànù, ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò, tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ di pákó. Ó yí ojú sí mi. Ó ní, "Wọ́n bo ẹ̀yìn rẹ̀." Ó fi ìka ti ilẹ̀kùn náà. Ó rọra lọ fúnra rẹ̀, ó pa dé, kò dún rárá.

Màmá Tíṣà ní kí ó fi àwọn tiwa sílẹ̀, bóyá ẹnìkan á rí nǹkan fi wọ́n ṣe. Bàbá yín ní rárá, mà, òun á kó wọn padà. Ó dúpẹ́ fún mínírà. Kò tíì mu ún dé àárín.

Ó pẹ́ kí a tó rí kẹ̀kẹ́. Èyí tó dúró, ẹni tó ń wà á wo ẹrù wa, ó ní, "Màmá, ẹ ti ní ilẹ̀kùn, ó wá ku ilé." Mo ní ilé wà, kí ó máa wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bàbá yín gbé ilẹ̀kùn kan lé itan, ó ń wo ọ̀nà. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni àwọn tó máa ń ru ilẹ̀kùn gba àárín ọjà kọjá wá bú wa láyé ọjọ́un. Ìgbà tí wọ́n ń bú wa, wọ́n mọ̀ pé a ó tún un ṣe, ìdí tí wọ́n fi wá nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó bú wa. Mínírà ni wọ́n fún wa.

Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀ sí i. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Màmá Tíṣà tó wá. Lọ́jọ́ kan ó kó gbogbo ìfági àti ayùn rẹ̀ síta, ó fi òróró pa irin wọn kí wọ́n má baà dípẹtà, ó dì wọ́n sínú àpò ìdọ̀họ, ó dì í lókùn. Àwọn olómi wá bẹ̀ ẹ́ pé àwọn ń wá ibi kó ẹrù sí, ó sì fún wọn ní kọ́kọ́rọ́.

Àwọn tó so kọ́bọ́ọ̀dù tuntun mọ́ ògiri Màmá Tíṣà ń wá ẹni tó lè bá wọn ṣiṣẹ́. Obìnrin náà ló dárúkọ bàbá yín fún wọn. Ó ṣe é ní oore, oore náà ni. N kò lè sọ pé kì í ṣe oore. Nígbà tí wọ́n gbà á, mo bi í pé irinṣẹ́ wo ni yóò máa gbé lọ, kí n lè wá àpò tó dára fún un. Ó ní wọ́n ti ní kí òun má gbé nǹkan kan wá, pé ẹ̀rọ tó ń lu ìṣó mọ́ ògiri wà lọ́dọ̀ wọn, iṣẹ́ ti parí láti ibi tí wọ́n ti kó o wá, kí òun kàn máa so ó kọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ, mo se ẹ̀kọ fún un, ó mu ún. Ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n fún un. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó wo tòsì, ó wo ilẹ̀ yíká ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo fi oríkì pè é. Mo ní, "Àjàní, kí lo gbàgbé?"

Ó ní, "Kò sí, Màmá."

Ó sì jáde lọ bẹ́ẹ̀.